Ta ló kọ́ ẹni tó ń kọ́ agbẹ̀bí wa?

Ẹni tó bá ti gbé aboyún lọ sí ilé ìgbẹ̀bí rí, ì báà jẹ́ ní Bantè, ní Pira, ní Gouka tàbí ní Tchetti, mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dúró síta. Láti ẹnu ọ̀nà, ẹ ó rí sage-femme kan tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ ó sì rí ọmọdébìnrin méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n wọ blouse, tí wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri. Stagiaire ni wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ wọn ló rán wọn wá kí wọ́n wá fi ojú rí ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ló máa wọn ìfúnpá aboyún yín. Òmíràn ló máa gún un lábẹ́rẹ́. Bí ìyá agbẹ̀bí bá ráyè, á ṣàlàyé fún wọn. Bí kò bá ráyè, wọ́n á kàn máa wò ó lójú ni.

Ìbéèrè mi rèé: ìyá agbẹ̀bí yẹn, ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíì? Pé ó mọ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí, kò sí iyèméjì. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń sáré kiri ní abúlé yìí kọ́kọ́ bọ́ sí. Àmọ́ mímọ iṣẹ́ ọ̀tọ̀, mímọ bí a ṣe ń fi iṣẹ́ kọ́ni ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga kan fi dá ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ fún dókítà, agbẹ̀bí àti nọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní infirmier, tí wọ́n bá fẹ́ di olùkọ́. Lẹ́yìn licence tàbí lẹ́yìn doctorat ni wọ́n ń ṣe é. Pédagogie des sciences de la santé ni orúkọ rẹ̀ lédè Faransé. Orúkọ náà gùn, ó sì dà bí ohun tí kò kan àwa tí a ń gbin iṣu àti kajú. Ó kàn wá o. Kódà, mo rò pé ó kàn wá ju àwọn ará Cotonou lọ, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Patron méjì lè wà ládùúgbò kan, kí àwọn méjèèjì mọ aṣọ rán dáadáa. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti ọ̀kan á lo ọdún mẹ́ta, á mọ̀ ọ́n gé, á mọ̀ ọ́n rán. Ti èkejì á lo ọdún mẹ́rin, kó sì jẹ́ pé omi pípọn, ilé gbígbá àti ọmọ pípọ̀n ló mọ̀ jù. Lọ́jọ́ libération, àwọn méjèèjì ló máa jó, àwọn méjèèjì ló máa ya fọ́tò. Ìgbà tẹ́ ẹ bá gbé aṣọ fún wọn lẹ́yìn náà lẹ tó máa mọ ẹni tí wọ́n kọ́ àti ẹni tí wọn ò kọ́. Aṣọ tó bá bàjẹ́, a lè tú u, ká tún un rán. Obìnrin tó ń rọbí kò ṣe é tú.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú ẹ̀kọ́ náà

Àwọn kan rò pé kíkọ́ ènìyàn láti di olùkọ́ kò ju pé kó mọ̀ ọ́n sọ níwájú èrò lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti àwọn ọdún 1970 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, ti ń tẹ ìwé kan tí J.-J. Guilbert kọ, Guide pédagogique pour les personnels de santé. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ nọ́ọ̀sì ní Áfíríkà tó ń sọ Faransé ló mọ ìwé náà. Ohun tó gbé kalẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe: kí olùkọ́ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí òun fẹ́ sọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè dá ṣe lọ́jọ́ tó bá kúrò níwájú òun. Lẹ́yìn náà, kó wá ọ̀nà tó máa fi mọ̀ lóòótọ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é, kì í ṣe pé kó kàn bi í, kó ní "Ó yé ẹ?" kí ó ní "Bẹ́ẹ̀ ni, Madame," kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó kan ẹ̀mí. Nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, ìwé kan wà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí ní wákàtí-wákàtí, partogramme ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á kọ bí ẹnu ilé ọmọ ṣe ń ṣí sí i, wọ́n á kọ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù, wọ́n á kọ ìfúnpá ìyá. Ìlà kan wà lórí rẹ̀ tó jẹ́ ìkìlọ̀, òmíràn wà tó ń sọ pé ó tó àkókò láti ṣe nǹkan. Agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, á ní: "Ẹ pe mọ́tò, ká gbé e lọ sí Savalou." Ó tọ̀nà. Stagiaire tó dúró tì í gbọ́ pé kí wọ́n pe mọ́tò, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí ìyá yẹn rí nínú ìwé. Ọwọ́ àti ojú agbẹ̀bí mọ iṣẹ́ náà débi pé ẹnu rẹ̀ ò rántí sọ ọ́ mọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, stagiaire yẹn ti gba diplôme, wọ́n ti gbé e lọ sí maternité kan ní ìgbèríko, òun nìkan ló wà ńbẹ̀ lóru. Ta ló máa sọ fún un ìgbà tó yẹ kó pe mọ́tò?

Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ ohun tí òun ń rò síta. Á ní: "Wo ibí yìí. Láti wákàtí mẹ́rin, kò ṣí sí i. Ọkàn ọmọ ń lọ sílẹ̀. Kí lo rò pé ó yẹ ká ṣe?" Ìbéèrè kékeré yẹn nìkan, ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn là ní ibi tí olùkọ́ náà kò ní dé láéláé.

Ohun mìíràn tí wọ́n ń kọ́ ni bí a ṣe ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà láì dójú tì í níwájú aláìsàn. Mo ti jókòó rí lórí bẹ́ǹṣì ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí mi ò ní dárúkọ rẹ̀, tí mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú stagiaire kan níwájú ìyá ọmọ àti ìyá ọkọ rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà ń gbọ̀n. Mo pàdà lọ kí ìyá ọmọ lọ́jọ́ kejì, mo rí ọmọbìnrin yẹn ní ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn, ó ń ka páálí. Kò tún sún mọ́ ibùsùn ìbímọ mọ́. Ẹni tó bú u kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nìyẹn, bó ṣe rí i ló ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun

Ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà nínú ìtàn ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà Comlan Alfred Quenum, ọmọ Ouidah, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó darí OMS fún Áfíríkà, láti 1965 títí di 1984. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ré òkun kọjá. Àwọn ará Nàìjíríà ń lọ sí London láti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tiwa ń lọ sí ilẹ̀ Faransé. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ náà wálé. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti yunifásítì ní 1965. Ní 1969, wọ́n ṣí CUSS ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Gottlieb Monekosso, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ dókítà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn pọ̀ lójú kan náà. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ìlera tó ń sọ Faransé. Ní Dakar, CESSI ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó máa padà lọ kọ́ nọ́ọ̀sì ní orílẹ̀-èdè wọn. Lónìí ẹni tó bá rí bourse lè dé Bobigny, lẹ́bàá Paris, ní yunifásítì tó ti pẹ́ nínú ẹ̀kọ́ yìí, kó gba master ńbẹ̀.

Nílẹ̀ wa, INMeS wà ní Cotonou, IFSIO wà ní Parakou, àwọn méjèèjì ti wà lábẹ́ yunifásítì. IRSP tó wà ní Ouidah, tó ń kọ́ni ní ìlera gbogbo ènìyàn, orúkọ Quenum ni wọ́n fi sọ ọ́. A ò lè sọ pé a ò ní nǹkan.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Láyé àtijọ́, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ìlera. Nọ́ọ̀sì tó dàgbà lẹ́nu iṣẹ́, tó lọ sí Dakar fún ọdún díẹ̀, á padà wá di moniteur, á kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí ètò LMD dé, tí nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí bẹ̀rẹ̀ sí í gba licence, inú gbogbo wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Àmọ́ òfin yunifásítì kò mọ moniteur. Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ pátápátá ní yunifásítì gbọ́dọ̀ ní doctorat, lẹ́yìn náà CAMES, àjọ tí àwọn orílẹ̀-èdè wa dá sílẹ̀ ní 1968, ló máa gbé e sórí àkàbà. Nọ́ọ̀sì mélòó ló ní doctorat? Nítorí náà, dókítà ló rọrùn láti fi síbẹ̀. Mi ò ní nǹkan kan lòdì sí dókítà. Ṣùgbọ́n dókítà kì í sùn ti aláìsàn lóru, kì í yí i padà lórí ibùsùn kí ẹ̀yìn rẹ̀ má báà bó, kì í jókòó ti aboyún fún wákàtí mẹ́wàá. Bí a bá ní kí dókítà nìkan máa kọ́ nọ́ọ̀sì, ńṣe ló dà bí ìgbà tí a ní kí ẹni tó ń ta mọ́tò wá kọ́ wa ní wíwakọ̀. Ó mọ mọ́tò lóòótọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn licence yìí ṣe pàtàkì, pé kí ọ̀nà wà fún nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí láti gun àkàbà náà títí dókè. OMS náà rí i bẹ́ẹ̀: ó ti gbé ìwé jáde lórí ohun tí olùkọ́ nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún olùkọ́ agbẹ̀bí. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó ń polongo ẹ̀kọ́ náà ni ìhà ibi tí àkàbà yẹn ń gbé ènìyàn lọ.

Ẹni tó gun àkàbà, níbo ló ń sọ̀ sí?

Ẹ jẹ́ ká ka ara wa. Bantè àti Savalou jọ wà nínú zone sanitaire kan náà. Nígbà ìkànìyàn 2013, Bantè ní ènìyàn tó ju 100,000 lọ, Savalou ní tó ju 140,000 lọ. Hôpital de zone tó wà ní Savalou ni gbogbo wa ń sá lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára ilé ìwòsàn arrondissement. Ẹ fi ọkàn ro ọ̀nà láti Pira, lókè lọ́hùn-ún lápá Bassila, títí dé Savalou, tàbí láti Djaloukou lásìkò òjò.

OMS ti ṣírò rẹ̀ pé kí orílẹ̀-èdè kan tó lè tọ́jú àwọn ènìyàn rẹ̀ dáadáa, ó yẹ kó ní dókítà, nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí 4.45 fún ènìyàn 1,000. Ní 2023, ó to orúkọ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kéré jù, tí kò yẹ kí àwọn olówó máa wá fa òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bẹ̀nẹ̀ wà níbẹ̀. Tógò wà níbẹ̀. Nàìjíríà wà níbẹ̀. Ìròyìn OMS ti oṣù karùn-ún 2025 ní nọ́ọ̀sì tó wà lágbàáyé jẹ́ mílíọ̀nù 29.8 ní 2023, síbẹ̀ ó ṣì ku mílíọ̀nù 5.8, ọ̀dọ̀ àwa tí a wà ní Áfíríkà àti àwọn tó jọ wá ni àìtó yẹn sì pọ̀ sí jù.

Wàyí o, ká ní agbẹ̀bí kan wà ní maternité kan ní agbègbè wa. Ó mọṣẹ́, ó ní sùúrù, ó gbọ́ Ìtsà, ó gbọ́ Ifẹ̀, ó gbọ́ Mahi díẹ̀. Òun gan-an ni ilé ẹ̀kọ́ ń wá. Ó ṣe concours, ó yege, ó lọ ka master fún ọdún méjì. Kí ni wọ́n á fi rọ́pò rẹ̀? Bóyá aide-soignante kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó di olùkọ́. Kò sí àyè olùkọ́ ní Bantè, ilé ẹ̀kọ́ ò sí níbẹ̀. Cotonou tàbí Parakou ni. Bí OOAS tó wà ní Bobo-Dioulasso sì ṣe ti mú ètò ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO sún mọ́ ara wọn, ó lè gba ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn tí owó oṣù ti dára jù. Mi ò dá a lẹ́bi. Èmi náà á lọ. Àmọ́ àwa la san owó master yẹn, a fi agbẹ̀bí wa san án.

Nígbà tó bá sì kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tán nínú kíláàsì, ibo ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti máa fi ọwọ́ kan aláìsàn? Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ni, níbi stage. Ta ló máa dúró tì í? Agbẹ̀bí mìíràn tí kò lọ master, tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ rí, tí aláìsàn ti pọ̀ jù fún. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Olùkọ́ tó ní diplôme wà níbi tí aláìsàn ò sí. Ibi tí aláìsàn wà, olùkọ́ tó ní diplôme ò sí.

Ẹnìkan sọ fún mi pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ní nọ́ọ̀sì tó tó ná, ká tó máa sọ̀rọ̀ olùkọ́." Mo dá a lóhùn bí àgbẹ̀ ṣe ń dáhùn. Ọdún tí ìyàn bá mú, ẹni tó bá jẹ èèbù iṣu rẹ̀ tán kò jẹ̀bi, ebi ló pa á. Ṣùgbọ́n kó má bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tó fà á tí ebè rẹ̀ fi ṣófo lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Olùkọ́ ni èèbù. Ìjọba àti àwọn oníkọ́ọ̀lù aládàáni lè ṣí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mẹ́wàá sí i. Bí àwọn tó ń kọ́ wọn kò bá pọ̀ sí i, tí ibùsùn tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ kò pọ̀ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ ló kàn máa dúró yí aboyún kan ká ní ibi tí méjì ń dúró tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀kọ́ lè wá bá òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́

Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé kí ẹ̀kọ́ olùkọ́ náà pín sí ọ̀nà méjì. Kí àwọn díẹ̀ lọ ka master àti doctorat, kí nọ́ọ̀sì lè máa darí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Kí àwọn yòókù, ìyẹn gbogbo ẹni tí stagiaire ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gba ẹ̀kọ́ kúkurú níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí tó ní láárí, tó máa hàn nínú ìgbéga wọn. Ìwé tí kò bá kan owó oṣù tàbí ìgbéga, ìdí àpótí ló máa ń lọ.

Wọ́n ti dán irú rẹ̀ wò ní Ghana. Dípò kí wọ́n kó àwọn agbẹ̀bí lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní ìlú ńlá fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ilé ìgbẹ̀bí á sì ṣófo, wọ́n mú ẹ̀kọ́ wá bá wọn ní ilé ìwòsàn. Ọjọ́ díẹ̀ ni, pẹ̀lú ọmọláńgidi tí wọ́n fi ń dánra wò. Wọ́n wá yan agbẹ̀bí kan láàárín wọn pé òun ni yóò máa kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún un ṣe, léraléra, fún ìgbà kúkurú. Ikú ọmọ tuntun dínkù ní àwọn ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo ẹni tí wọ́n yàn yẹn dáadáa: olùkọ́ ni, kò sì kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kejì tó yẹ ká mọ̀ ni èyí tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí wà lára ohun tó ń pa àwọn ìyá jù. Nínú ìwádìí EDS ti ilẹ̀ wa ní 2017 sí 2018, ìyá 391 ló ń kú nínú ìbí ọmọ 100,000, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń bímọ nílé ìwòsàn ju 80 nínú 100 lọ. Ẹ tún ìṣírò yẹn gbọ́: àwọn obìnrin wa ti ń lọ sílé ìwòsàn bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n lọ. Ohun tó kù ni ohun tí wọ́n ń bá ńbẹ̀. Ní 2023, àwọn oníwádìí gbé àbájáde iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 80 ní Kẹ́ńyà, Nàìjíríà, South Africa àti Tànsáníà, lórí obìnrin tó ju 200,000 lọ. Wọ́n tẹ́ ike kan sábẹ́ obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ike tó ní àmì tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, dípò kí wọ́n máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ojú àmì, wọ́n á ṣe gbogbo ìtọ́jú náà lẹ́ẹ̀kan náà: wọ́n á wọ́ ilé ọmọ, wọ́n á fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀jẹ̀ yíya tó le gan-an àti ohun tó ń fà lẹ́yìn dínkù ní 60 nínú 100.

Ike náà kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Kíkọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ṣe nǹkan márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, láìdúró de ọ̀gá, ni agbára rẹ̀. Ta ló máa gbé irú ìmọ̀ báyìí dé Akpassi, dé Agoua, dé Ottola? Bákan náà ni OMS ti gbé ìwé tuntun jáde ní 2020 tó fẹ́ fi rọ́pò partogramme àtijọ́. Agbẹ̀bí tó gba diplôme ṣáájú ìgbà yẹn, ibo ló ti máa kọ́ ọ? Àyàfi kí ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n kọ́ni wà nítòsí rẹ̀.

Èrè mìíràn tún wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà ronú kàn. Nọ́ọ̀sì tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ máa mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ aláìsàn. OMS ti tẹ ìwé lórí rẹ̀ láti 1998. Àgbàlagbà kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n kọ oògùn fún un, ó lo ti oṣù kan, orí fífọ́ lọ, ó jáwọ́. Kì í ṣe olórí kunkun. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un, ní èdè tó gbọ́, pé àìsàn náà kì í lọ nígbà tí orí bá dẹ́kun fífọ́. "Ẹ má jẹ iyọ̀" kì í ṣe ẹ̀kọ́. Kí nọ́ọ̀sì bi bàbá pé kí ni ìyàwó rẹ̀ fi ń se ọbẹ̀, kí ó pe ìyàwó náà, kí wọ́n jọ wo maggi tó ń fi síbẹ̀, kí bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa yí padà: ẹ̀kọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn relais communautaires wa. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn arrondissement ló ń kọ́ wọn. Bí òun kò bá mọ̀ ọ́n kọ́ni, ohun tí wọ́n máa gbé lọ sí abúlé kò ní ju ìdajì lọ.

Kí ni ó wà lọ́wọ́ wa? Ẹ̀kọ́ àti owó oṣù wà lọ́wọ́ ìjọba, a ò lè fipá gbà á. Ṣùgbọ́n láti 1999 ni òfin ti fi kíkọ́ àti títún ilé ìwòsàn arrondissement àti ti abúlé ṣe sí ọwọ́ commune. Nígbà tí mairie bá fẹ́ tún ilé ìgbẹ̀bí kan kọ́, yàrá kékeré kan níbi tí stagiaire lè jókòó, kí ọmọláńgidi ìdánrawò sì wà níbẹ̀, kò lè sọ commune di òtòṣì. Ilé tí wọ́n lè sùn náà ṣe pàtàkì. Stagiaire tó ń sùn sílé ẹni tí kò mọ̀ rí, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra omi, kò ní fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láé. Bí ẹnìkan láti agbègbè wa bá sì lọ ka master pẹ̀lú owó ìjọba tàbí owó ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, kó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun máa padà wá lo iye ọdún báyìí, ó kéré tán pé òun á máa wá tọ́jú àwọn encadreur ní zone wa lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Èyí tó kù, àwọn ọmọ wa ni. Ní gbogbo ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nígbà ọdún iṣu, ẹ ń rí mọ́tò tó ń wọ Savalou láti Cotonou, láti Porto-Novo, láti Lomé àti láti òkè òkun. Dókítà wà nínú wọn, olùkọ́ ní yunifásítì wà nínú wọn, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì wà nínú wọn. Wọ́n á jẹ iyán, wọ́n á jó, wọ́n á padà lọ lọ́jọ́ kejì. Kí àwọn tó ń ṣètò ọdún náà àti àwọn maire méjèèjì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọjọ́ méjì kún un, ọjọ́ kan ní hôpital de zone ní Savalou, ọjọ́ kan ní Bantè, kí wọ́n jókòó ti àwọn encadreur wa. Ibùsùn wà, oúnjẹ wà. Kí ẹnì kan lọ bá olórí zone sanitaire kí oṣù keje tó parí, kó bi í ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ kọ́kọ́ kọ́.